Òkè Milliken: Ọ̀nà Táwọn Bàbá Wa Gbà Wọ Enugu

Ẹ̀yin ọmọ Oòduà tí ẹ fi Enugu ṣe ilé, ọ̀rọ̀ mi gùn díẹ̀ lónìí, ẹ jọ̀ọ́, ẹ fara balẹ̀ kà á.

Lọ́jọ́ Sátidé tó kọjá, èmi àti àbígbẹ̀yìn mi ń lọ sí Ninth Mile. Ọ̀nà márosẹ̀ ti dí pa, tírélà kan ti ṣubú ní Ugwu Onyeama. Ni mo bá yí mọ́tò padà, mo gba New Market bọ́ sí Òkè Milliken. Ẹ̀yin tí ẹ ti gba ibẹ̀ mọ bó ṣe rí. Béèyàn bá ti kúrò ní New Market báyìí, ilẹ̀ á bẹ̀rẹ̀ sí í ga, mọ́tò á máa kérora. Ọwọ́ kan jẹ́ ara òkè, ọwọ́ kejì jẹ́ ọ̀gbun tí igi bò débi pé ojú ò rí ìsàlẹ̀ rẹ̀. Ọ̀nà náà ò fẹ̀, ó sì ń lọ́ bí ejò. O ò ní mọ ẹni tó ń bọ̀ níwájú àfi tó bá yọ sí ẹ lójú.

A ò tíì dé àárín òkè tí ọmọ náà fi dákẹ́. Ó wo ọ̀gbun, ó wò mí, ó ní, "Dádì, kí ló dé tí wọn ò la ọ̀nà yìí tààrà? Ta ló tiẹ̀ là á?" Mo ní kó jẹ́ kí n wakọ̀ ná. Òótọ́ ibẹ̀ ni pé mi ò ní ìdáhùn tó dáa lẹ́nu. Odindi èmi tí mo ti ń gba ọ̀nà yẹn láti ìgbà tí mo ti ń gun ọ̀kadà! Mo délé, mo ka ìwé, mo bi àwọn àgbà léèrè, mo sì rí i pé ọ̀pọ̀ ọmọ wa tí wọ́n bí sí Asata, Uwani, Abakpa àti Coal Camp ló máa ń ya fọ́tò lórí òkè yẹn láìmọ ohun tó wà lábẹ́ ẹsẹ̀ wọn. Ìdí tí mo fi ń kọ èyí nìyẹn.

KÍ LÓ DÉ TÓ FI Ń LỌ́?

Ẹ wo bí ilẹ̀ ibí ṣe rí ná. Udi, Ngwo àti Ninth Mile wà lókè, lórí ilẹ̀ tó ga. Tó o bá ń ti ọ̀hún bọ̀, ilẹ̀ yẹn á kàn já wálẹ̀ lójijì, bí etí tábìlì. Ìsàlẹ̀ tábìlì yẹn ni Enugu jókòó sí. Ohun tó pa mí lẹ́rìn-ín ni pé ìtumọ̀ "Enugu" ní èdè Ìgbò ni "orí òkè". Enugwu-Ngwo, abúlé tó wà lórí òkè, ló ni orúkọ yẹn tẹ́lẹ̀. Ìlú tí òyìnbó tẹ̀ dó sí ẹsẹ̀ òkè ló wá jogún orúkọ ẹni tó wà lókè. Bí wọ́n ṣe ń pè wá ní ará orí òkè nìyẹn, àwa tí à ń gbé nísàlẹ̀.

Ní ti ọ̀nà tó ń lọ́, ìṣirò ni. Ká sọ pé òkè kan ga ní mítà 100. Tó o bá la ọ̀nà tààrà tí gígùn rẹ̀ jẹ́ mítà 500, a jẹ́ pé nínú gbogbo mítà 5 tí mọ́tò bá rìn, ó ti gun mítà 1. Lọ́rì tó rù ò ní lè gun un, tó bá sì ń sọ̀ kalẹ̀, kò ní ṣeé dá dúró. Àmọ́ tó o bá mú kí ọ̀nà yẹn lọ́ títí ó fi di kìlómítà 2, mítà 20 ni mọ́tò máa rìn kó tó gun mítà 1. Òkè ò kéré sí i o, ọ̀nà lo fà gùn. Ohun tí ìyá tó ru omi ń ṣe náà nìyẹn nígbà tó bá ń fẹ̀gbẹ́ gun òkè.

Ibi gbogbo láyé ni wọ́n ti mọ ọgbọ́n yìí. Lórí àwọn òkè Alps ní Ítálì, ọ̀nà kan wà tí wọ́n ń pè ní Stelvio. Láàárín 1820 sí 1825 ni wọ́n là á, ó ga tó mítà 2,757, ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kan ṣoṣo sì ní kọ́nà 48 tí mọ́tò ti gbọ́dọ̀ yí padà pátápátá. Nílùú wa níbí, ẹ wo ọ̀nà Obudu ní Cross River, tó ń lọ́ títí dé orí òkè tí òtútù ti ń mú èèyàn bí ẹni wà ní ìlú òyìnbó. Nílé, ẹni tó bá ti gba Ìtawúrẹ́ lọ sí Ẹ̀fọ̀n Alààyè mọ ohun tí mò ń sọ. Milliken ò ga tó Stelvio, kò ga tó Obudu, àmọ́ ọgbọ́n kan náà ni. Ewu ibẹ̀ náà sì jọra.

TA LÓ NI Í, TA LÓ SÌ JÌYÀ RẸ̀?

Ọdún 1909 ni òyìnbó kan tó ń jẹ́ Albert Kitson dé agbègbè yìí pẹ̀lú àwọn èèyàn rẹ̀. Fàdákà ni wọ́n ń wá. Èédú abẹ́ ilẹ̀ ni wọ́n rí, ìyẹn kóòlù, nínú òkè Udi yìí gan-an. Ìjọba òyìnbó ò ní kóòlù kankan nítòsí nígbà yẹn, òkun ni wọ́n ti ń kó o wá fún rélùwéè àti ọkọ̀ ojú omi. Ni wọ́n bá tẹ ìlú tuntun dó sí etí omi kí wọ́n lè rí ibi gbé kóòlù yìí jáde. Ìlú yẹn ni Port Harcourt. Ní 1915, òyìnbó mìíràn, W. J. Leck, dé pẹ̀lú àwọn òṣìṣẹ́ àti oníṣẹ́ ọwọ́ láti Onitsha. Ọkùnrin kan tó ń jẹ́ Alfred Inoma ló ṣáájú wọn. Ẹ jọ̀ọ́, ibo lẹ rò pé àwọn òyìnbó yẹn kọ́kọ́ kọ́lé sí? Orí Milliken ni. Ilé alámọ̀ ni wọ́n kọ́. Nígbà tó yá, àwọn òyìnbó ṣí lọ sí ibi tó di GRA tí à ń wò lónìí. Ibi táwọn aláwọ̀ dúdú ń gbé nígbà yẹn ni wọ́n ń pè ní Ugwu Alfred. Coal Camp náà hù lẹ́yìn náà.

Ní 1916, ọ̀nà irin dé láti Port Harcourt, kóòlù bẹ̀rẹ̀ sí í lọ. Bí òkè ṣe já wálẹ̀ lójijì tí mo ṣàlàyé lókè yẹn, òun náà ló jẹ́ kí kóòlù rọrùn láti rí. Kò dìgbà tí wọ́n bá gbẹ́ kànga jíjìn wọnú ilẹ̀. Ẹ̀gbẹ́ òkè ni wọ́n ti ń gbẹ́ ihò wọlé, bí ẹni ń wọ yàrá, wọ́n sì ń ti kẹ̀kẹ́ ẹrù jáde. Òkè tó ń dá wa lóró lójú ọ̀nà yìí ló bí ìlú. Ká ní ilẹ̀ ibí tẹ́jú ni, bóyá Enugu ò bá má sí.

Àmọ́ ẹ jẹ́ ká sọ òtítọ́. Kò sẹ́ni tó bi àwọn ará Ngwo àti Agbaja bóyá wọ́n fẹ́. Ní ìparí ọdún 1914, àwọn ará Udi dìde sí ìjọba òyìnbó, wọ́n sì fi sójà borí wọn. Lẹ́yìn náà, wọ́n fi tipátipá kó àwọn ọkùnrin fún iṣẹ́ ọ̀nà, iṣẹ́ rélùwéè àti iṣẹ́ kóòlù. Olóyè Onyeama ti ìlú Eke, tí orúkọ rẹ̀ wà lára Ugwu Onyeama lónìí, wà lára àwọn tó ń kó òṣìṣẹ́ fún òyìnbó. Agbára rẹ̀ pọ̀ gan-an láyé ìgbà yẹn. Nítorí náà, nígbà tí ọmọ bá bi ẹ́ pé ta ló la irú ọ̀nà báyìí, má kàn sọ pé "òyìnbó ni". Òyìnbó nàka síbẹ̀ ni. Àwọn ọmọ onílẹ̀ ló fi ọkọ́ àti dígà là á, ọ̀pọ̀ wọn ò sì yọ̀ǹda ara wọn.

BÁWO LÀWA ṢE DÉ?

Lẹ́yìn kóòlù ni a dé, ká má purọ́. Rélùwéè ló kọ́kọ́ fà wá. Ọ̀nà irin kúrò ní Enugu, ó kọjá lọ sí Makurdi, ó sì dé Kaduna ní àwọn ọdún 1920, níbi tó ti pàdé ọ̀nà irin Èkó. Wọ́n parí afárá Odò Benue ní 1932, kò tún sí ọ̀rọ̀ à ń fi ọkọ̀ ojú omi gbé èrò rélùwéè kọjá mọ́. Akọ̀wé, oníṣẹ́ rélùwéè, télọ̀, oníṣòwò aṣọ òkè, bẹ́ẹ̀ làwọn èèyàn wa ṣe ń dé díẹ̀díẹ̀.

Àmọ́ ọkọ̀ ojú irin ò yára, owó rẹ̀ ò sì tẹ́ gbogbo èèyàn lọ́rùn. Ọ̀pọ̀ ló gba títì. Láti Èkó tàbí Ìbàdàn, wọ́n á gba Benin dé Asaba. Kò tíì sí afárá lórí Odò Ọya níbẹ̀. Ọdún 1965 ni wọ́n tó parí rẹ̀. Fẹ́rì ló ń gbé mọ́tò kọjá sí Onitsha, èèyàn sì lè sùn sétí odò kó tó kàn án. Láti Onitsha, ó di Udi, ó di Ninth Mile, tí wọ́n fún lórúkọ yẹn nítorí pé máìlì 9 ló kù kéèyàn dé Enugu. Lẹ́yìn Ninth Mile ni Ngwo. Lẹ́yìn Ngwo, ilẹ̀ tán. Milliken ló kù. Kò sí márosẹ̀ nígbà yẹn, ọ̀nà yẹn ni ẹnu ọ̀nà ìlú fún ẹni tó bá ti ọ̀dọ̀ wa bọ̀.

Bàbá kan wà nínú ẹgbẹ́ wa níbí, wọ́n ti lé ní ọgọ́rin ọdún báyìí. Mo lọ kí wọn lórí ọ̀rọ̀ yìí. Wọ́n rẹ́rìn-ín. Wọ́n ní lọ́rì onípákó ni wọ́n wọ̀ wá, wọ́n ń bọ̀ wá kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ ẹ̀gbọ́n wọn. Wọ́n ní gbogbo èrò ló ń pariwo láti Onitsha, wọ́n ń ṣàwàdà, wọ́n ń jẹ ọ̀kpà tí wọ́n rà ní Ninth Mile. Nígbà tí lọ́rì doríkọ ìsàlẹ̀, gbogbo ẹnu pa mọ́. Ìyá kan bẹ̀rẹ̀ sí í pe Olúwa. Mọ́tò-bọ́ì so mọ́ ẹ̀yìn lọ́rì, ó di igi ìdènà mú lọ́wọ́, kó lè fò sílẹ̀ sọ ọ́ sábẹ́ táyà tí bíréèkì bá kọ̀. Bàbá ní, "Mo ti dijú mi. Ìgbà tí mo la ojú, mo rí páànù. Páànù lọ jàra, gbogbo ìlú tẹ́ sílẹ̀ bí ẹní. Mo ní, háà, ibi tí mo máa gbé rèé?" Wọ́n ò padà sílé títí dòní, àfi ọdún àti òkú.

Ẹ̀yin ará mi, irú bàbá bẹ́ẹ̀ mélòó ló kù láàárín wa? Tí wọ́n bá lọ, ìtàn lọ nìyẹn.

Ẹ̀JẸ̀ TÓ WÀ LẸ́SẸ̀ ÒKÈ

Iva Valley ò jìnnà sí òkè yìí. Ní oṣù kọkànlá ọdún 1949, àwọn òṣìṣẹ́ kóòlù bínú nítorí owó wọn tí wọ́n gbà pé ìjọba jẹ wọ́n. Wọ́n ń fọwọ́ falẹ̀ sí iṣẹ́. Wọ́n lé àwọn kan nínú wọn kúrò, àwọn tó kù ò sì kúrò níbi iṣẹ́. Ìjọba rán ọlọ́pàá láti wá kó ẹ̀tù tí wọ́n fi ń fọ́ òkúta jáde, ẹ̀rù ń bà wọ́n pé yóò bọ́ sọ́wọ́ àwọn tó ń ta kò wọ́n. Ní ọjọ́ 18 oṣù náà, ọ̀gá ọlọ́pàá kan, F. S. Philip, pàṣẹ kí wọ́n yìnbọn sí àwọn òṣìṣẹ́ tí kò gbé ìbọn kankan lọ́wọ́. Èèyàn 21 kú. Àwọn 51 fara gbọgbẹ́.

Ohun tí mo fẹ́ káwọn ọmọ wa mọ̀ ni pé nígbà tí ìròyìn dé Èkó, kò sẹ́ni tó sọ pé "ọ̀rọ̀ àwọn Ìgbò nìyẹn". Àwọn olóṣèlú tí wọ́n ti ń bá ara wọn jà tẹ́lẹ̀ jókòó pọ̀, wọ́n dá ìgbìmọ̀ kan sílẹ̀ fún gbogbo Nàìjíríà lórí ọ̀rọ̀ náà. Ta ni alága? Dókítà Akínọlá Májà, ọmọ Yorùbá. Ibọn tí wọ́n yìn lẹ́sẹ̀ òkè wa níbí wà lára ohun tó mú kí ọ̀rọ̀ òmìnira gbóná sí i jákèjádò ìlú.

Ìgbà yẹn dáa. Ìgbà kan tún dé tí kò dáa. Lẹ́yìn tí wọ́n pa àwọn ará Ìlà Oòrùn nípakúpa ní Òkè Ọya ní 1966, Ojukwu ní kí àwọn tí kì í ṣe ọmọ ilẹ̀ náà máa lọ ní oṣù kẹwàá ọdún yẹn, ó ní nítorí ààbò wọn ni. Àwọn èèyàn wa kó ẹrù. Ní ọjọ́ 6 oṣù karùn-ún 1967, Awólọ́wọ̀ wá sí Enugu wá bá Ojukwu sọ̀rọ̀, bóyá ogun ò ní ṣẹlẹ̀. Ogun ṣẹlẹ̀. Ní ọjọ́ 22 oṣù kẹsàn-án, wọ́n yìnbọn pa Victor Banjo ní Enugu níbí, òun àti àwọn mẹ́ta mìíràn. Ọmọ Yorùbá ni Banjo, sójà Biafra ló sì jẹ́. Ní ọjọ́ 4 oṣù kẹwàá, ìlú bọ́ sọ́wọ́ sójà ìjọba àpapọ̀. Nígbà tí ogun parí ní 1970, àwọn kan nínú àwọn èèyàn wa padà wá. Kò sẹ́ni tó fi dandan mú wọn. Wọ́n padà wá nítorí pé ibí ti di ilé.

Ìdí tí mo fi kó gbogbo èyí jọ rèé. Lóde òní, tó o bá ṣí fóònù, èébú Yorùbá àti Ìgbò ni wàá máa kà láti àárọ̀ dalẹ́. Àwọn ọmọ wa ń kà á. Àwọn ọmọ tó jókòó tì wọ́n ní kíláàsì náà ń kà á. Tí ẹnì kan bá bi ọmọ ẹ pé "kí lẹ wá ṣe níbí?", ó dáa kó ní ìdáhùn tí kò ní ìbínú nínú. Onílẹ̀ ló ni òkè. Iṣẹ́ àti ìyà wọn ló la ilẹ̀ yìí. Àwa náà gba ibẹ̀ wọlé, a ṣiṣẹ́, a bímọ, a sin òkú, ẹ̀jẹ̀ wa sì wà nínú ilẹ̀. Ẹni tó mọ èyí ò ní gbéra ga, kò sì ní tijú.

KÍ Ẹ TÓ GBA IBẸ̀

Kóòlù ti di ìtàn. Epo rọ̀bì dé, rélùwéè fi kóòlù sílẹ̀, ihò iṣẹ́ ń tì lọ́kọ̀ọ̀kan. Márosẹ̀ náà dé, Milliken wá di ọ̀nà àbùjá. Nígbà ìjọba Gómìnà Ifeanyi Ugwuanyi ni wọ́n tún un ṣe, wọ́n sì fi irin ìdènà sí etí ọ̀gbun. Ó ti dán báyìí. Dídán yẹn gan-an lẹ̀rù ń bà mí fún, nítorí àwọn ọ̀dọ́ wa ti ń sá eré níbẹ̀. Ẹ jẹ́ kí n sọ ohun táwọn dírẹ́bà àtijọ́ mọ̀:

Ìkíní, jíà tó o máa fi gun òkè ni kó o fi sọ̀ ọ́. Jíà kékeré ni. Ẹ́ńjìnì fúnra ẹ̀ á máa di mọ́tò mú. Tí mọ́tò ẹ bá jẹ́ aláìnílọ́ọ̀ṣì, fi sí L tàbí 2. Tó o bá fi D nìkan sọ̀ ọ́ tó o wá tẹ bíréèkì láti òkè délẹ̀, bíréèkì á gbóná, omi inú ẹ̀ lè hó, á sì rọ̀ wọ̀ọ̀ lábẹ́ ẹsẹ̀ ẹ. Ibi tó o ti nílò ẹ̀ jù ló máa kọ̀ ẹ́ sí.

Ìkejì, tí ọ̀nà bá fún, ẹni tó ń sọ̀ kalẹ̀ ló yẹ kó dúró de ẹni tó ń gòkè. Ẹni tó ń gòkè tó bá dúró, ó lè ṣòro fún un láti tún gbéra, pàápàá tó bá rù.

Ìkẹta, fọn fèrè ní kọ́nà. Má ya ẹnikẹ́ni sílẹ̀ níbi tójú ẹ ò ti rí iwájú. Lásìkò òjò àti ọyẹ́, tan iná, rọra.

Ìkẹrin, ẹ̀yin olùyàfọ́tò, ẹ má dúró ní kọ́nà. Ẹ gòkè dé Ngwo, ẹ wá ibi tó fẹ̀, ẹ sọ̀ kalẹ̀, ẹ ya ohun tó wù yín.

Ibi tí èmi náà gbé ọmọ mi lọ nìyẹn lẹ́yìn tí mo kàwé tán. A dúró lókè. Mo nàka sí Coal Camp, mo nàka sí ọ̀nà irin, mo nàka sí ọwọ́ Iva Valley. Mo sọ ti àwọn 21 yẹn fún un, mo sọ ti bàbá tó la ojú tó rí páànù. Ó gbọ́ gbogbo ẹ̀. Ó wá ní, "Dádì, tó o bá ń sọ̀ báyìí, fi sí L o."

Mo fi sí L. A rọra sọ̀ délé.

Ẹni tó bá ní fọ́tò àtijọ́ nílé, ti lọ́rì, ti fẹ́rì Asaba, ti bàbá tàbí ìyá yín nígbà tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ dé Enugu, ẹ jọ̀ọ́ ẹ gbé e síbí, ẹ kọ ọdún rẹ̀ sí i. Ẹni tí bàbá rẹ̀ ṣì wà, kó lọ jókòó tì wọ́n kó bi wọ́n léèrè lọ́sẹ̀ yìí.

Ọ̀nà á máa là fún gbogbo wa o. À á lọ ire, à á bọ̀ ire. Àṣẹ.